Mo Ka Ìwé Mi Lọ́nà Méjì

Àbúrò mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kò sì mọ̀. Ó wá kí mi, ó dúró síwájú pẹpẹ ìwé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú èyí tí ẹ fẹ́ràn jù níbẹ̀, mo fẹ́ yá a.” Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ewì ńlá kan ni mo nawọ́ sí, èyí tó ti wà láàárín gbùngbùn ìlà iwájú láti ọdún mẹ́sàn-án, tí ojú ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ bà lé. Ó ṣí i. Páálí pẹlẹbẹ tí mo fi sàmì ṣì há sí ojú ìwé 19.

“Ṣé ibi tí ẹ kà á dé rèé?”

Mo ní rárá o, mo ti kà á tán tipẹ́, mo ń tún un kà ni. Irọ́ ni mo pa. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní màá bá a wá èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá padà wá.

Bó ṣe lọ tán, mo jókòó síwájú pẹpẹ náà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ èrò mi nípa ìwé fún àwọn ẹlòmíràn láti kà. Bí wọ́n bá bi mí pé irú ìwé wo ni mo fẹ́ràn, ìdáhùn mi kì í yí: ewì, ìtàn àwọn ilẹ̀ àtijọ́, àti ìwé àwọn onírònú ìjìnlẹ̀. Mo ti sọ ọ́ títí èmi fúnra mi fi gbà á gbọ́. Àfi ojú ìwé 19 nìkan ni kò gbà á. Mo wá pinnu pé màá ka gbogbo ìwé tó wà nínú ilé, kí n mọ èyí tí mo kà lóòótọ́. Ẹ wo bí èdè wa ṣe rí: ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ẹni tó ń ka ìwé àti ẹni tó ń ka owó. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka ìwé lọ́nà àkọ́kọ́, mi ò fi ọ̀nà kejì kà wọ́n rí.

Mo rò pé ọjọ́ méjì ni yóò gbà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé gba ibùsùn, ó gba àga méjèèjì, ó dí ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó mú pẹpẹ kan, kó parí rẹ̀, kó dá a padà kó tó fọwọ́ kan èyí tó kàn. Èmi náà padà sí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀yìn ti ń ro mí.

Ìnù ló gba ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Eruku orí ìwé kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu fẹ́. Mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ padà sójú mi. Ṣe ni kéèyàn di ìwé náà mú pinpin ní pípadé, kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá orí rẹ̀, láti ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti dì í pọ̀ lọ síbi tó ti ń ṣí. Bí a bá gbá a láti iwájú lọ sẹ́yìn, inú àránpọ̀ rẹ̀ ni eruku máa kó sí. Omi kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, mo bá àwọn kòkòrò kéékèèké kan tí ara wọn ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n ń sá fún iná. Ibi tó bá ní ọ̀rinrin tó sì ṣókùnkùn ni wọ́n máa ń wà, àtè tí wọ́n fi lẹ ìwé ni wọ́n sì fẹ́ràn láti jẹ. Wọ́n ti jẹ ìwé mẹ́ta wọnú. Ó yẹ kó dùn mí, àmọ́ nígbà tí mo yẹ ibi tí àmì tèmi dúró sí wò, àwọn kòkòrò yẹn ti ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù mí lọ.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe àkọsílẹ̀. Bí èèyàn bá gbé e síwájú àwọn ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn ìwé, orúkọ ìwé náà máa jáde fúnra rẹ̀. Fún ìwé tuntun, kò sí ìṣòro. Àwọn àgbà ìwé ló dà mí láàmú. Láti oṣù kìíní ọdún 2007 ni nọ́ńbà ISBN tó ń dá ìwé mọ̀ ti di ẹyọ 13, tí 978 tàbí 979 sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹyọ 10 ni. Àwọn mélòó kan tí mo ní tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1970, ọdún tí ètò náà di ìlànà àgbáyé, kò ní nọ́ńbà kankan lára. Ìwé kan wà tí nọ́ńbà tirẹ̀ parí sí X. Mo ní àṣìṣe atẹ̀wé ni, mo fi òdo sí i, fóònù kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí mo wádìí ni mo tó mọ̀ pé ẹyọ tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fi ń yẹ àwọn mẹ́sàn-án ìṣáájú wò bóyá wọ́n pé. Ìṣirò rẹ̀ lè já sí 10 nígbà mìíràn, kò sì sí àyè fún ju ẹyọ kan lọ, ni wọ́n bá ń kọ X, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń kọ ẹ̀wá. Wákàtí kan gbáko ni mo fi bá X yẹn jà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ orúkọ ìwé, ó mọ ẹni tó kọ ọ́, ó mọ ọdún tó jáde. Kò mọ ibi tí mo kà á dé, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń wá. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ onílà kan àti pẹ́ńsù, mo pín ojú rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ ìwé, ọdún tó dé ọwọ́ mi, ibi tí àmì dúró sí, iye ìgbà tí mo kà á, àti bóyá ìlà iwájú ni mo ti bá a tàbí ìlà ẹ̀yìn.

Ìlà ẹ̀yìn yìí, ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Pẹpẹ mi jìn, ó gba ìlà ìwé méjì. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo pinnu bí mo ṣe tò wọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo kó ìlà iwájú kúrò lórí pẹpẹ kejì, ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ mú kí ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Igun wọn ti ká, bébà inú wọn ti pọ́n bíi koríko gbígbẹ, nítorí pé igi ni wọ́n fi ṣe bébà olówó pọ́ọ́kú, èròjà kan tó ń jẹ́ lignin wà nínú igi náà tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa ń sọ di ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn kan ti já sí méjì, mo sì fi rọ́bà so wọ́n. Ìwé tí a bá kà máa ń ní àwọn ìlà funfun lẹ́yìn níbi tí a ti tẹ̀ ẹ́ ṣí. Ìlà yẹn wà lára gbogbo wọn bí ilà ojú. Mo yíjú sí àwọn ìwé ewì tó wà níwájú. Ẹ̀yìn wọn ń dán.

Mo kà wọ́n. Ewì jẹ́ 31, mo ka 4 tán. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́ 58, mo ka 56 tán, mo sì ka 11 nínú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, nígbà tó jẹ́ pé mo ti mọ ẹni tó pààyàn láti ìgbà àkọ́kọ́.

Ọdún tí ìwé kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ mi ló le jù láti mọ̀. Ojú ìwé tó wà lẹ́yìn àkọlé máa ń sọ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà. Àwọn atẹ̀wé kan tún máa ń to nọ́ńbà síbẹ̀, bíi 10 9 8 7 6 5 4 3. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń sọ pé ìtẹ̀jáde ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni. Ìyẹn dára, àmọ́ kò sọ ìgbà tí èmi rà á. Ohun tí mo bá nínú àwọn ìwé náà ló gbà mí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní páálí tí màá fi sàmì, ohunkóhun tó bá wà nítòsí ni mo máa ń há sí i: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, àpò ìwé lẹ́tà, ìdajì lẹ́tà kan tí mi ò fi ránṣẹ́, ewé kan tó ti gbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Rìsíìtì ni kò wúlò jù. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé sí i lára, kì í ṣe íǹkì, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ṣí. Mo ní rìsíìtì tó tó ogún tó ti di bébà funfun lásán.

Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ara wọn, ohun kan náà ni mo bá: ìwé pélébé tí wọ́n fi ń kọ ọjọ́ tí bàbá mi máa rí dókítà. 2011 ló wà lára gbogbo wọn.

Mo ti gbàgbé pé ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà, orí bẹ́ǹṣì ni èmi àti bàbá mi ń gbé jù, à ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè wá. Mo kọ́kọ́ ń mú àwọn ìwé ìjìnlẹ̀ mi dání. Mi ò lè ka ojú ìwé kan já. Ojú mi á dé ìsàlẹ̀, mi ò ní mọ ohun tí mo kà lókè. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan fi ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fàya sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo mú un, mo ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀ kí bàbá mi lè gbọ́. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìwé, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n mú ọ̀daràn. Bí mo bá ti ka orí mẹ́ta, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á ní, “Dúró ná. Ọkọ rẹ̀ ni.” Ọkọ rẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbikíbi, mo máa ń rà á, kí a lè ní èyí tí a máa kà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nínú méjì tí mi ò kà tán lára àwọn 58 yẹn, ọ̀kan kò dára, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Àmì èkejì wà ní ojú ìwé 143. Bàbá mi ti ní akọ̀wé ni. Mi ò tíì mọ̀ títí dòní bóyá akọ̀wé ni lóòótọ́. Mo kọ 143 sínú ìwé àkọsílẹ̀, mo dá ìwé náà padà pẹ̀lú àmì rẹ̀ nínú.

Nígbà tí iye tí mo ti kọ sílẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún méjì, mo mú bébà ńlá kan, mo to ọdún sí i láti òsì dé ọ̀tún, mo sì ń fi àwọ̀ sàmì sí oríṣi ìwé tí mo kà tán lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ìgbà èwe kò ní nǹkan púpọ̀. Ìwé tí wọ́n yá lọ tí kò padà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 15 dé 19, ìtàn ìfẹ́ ni ṣáá. Ní nǹkan bí 20 sí 28, mo ra àwọn ìwé nípọn nípọn, mo ń gbé wọn sábẹ́ abíyá káàkiri. Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ lórí bébà mi kò ju tóótòòtó lọ, torí pé ohun tí mo rà kọ́ ni mò ń kùn, ohun tí mo kà tán ni. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ pupa ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ó sì lọ fún ọdún méje gbáko. Látìgbà tí mo ti lé ní ogójì, ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn àti àkójọ lẹ́tà ló pọ̀ jù.

Mo ti máa ń rò pé ìfẹ́ ọkàn òǹkàwé ń gòkè bí àtẹ̀gùn, pé èèyàn á fi ìwé pẹ́pẹ̀pẹ́ sílẹ̀ bọ́ sí ìwé tó jinlẹ̀. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bébà tó wà níwájú mi dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé nínú òkùnkùn.

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Láàárín ìgbà tí mo di ẹni ọdún 42 àti 44, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ gígùn 21, mi ò parí ìkankan, kò sí èyí tí àmì rẹ̀ kọjá ojú ìwé 40. Lásìkò yẹn, ohun tí mò ń sọ kiri ni pé ìtàn àròsọ ti sú mi, pé mo ti dàgbà kọjá ibẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ síta pẹ̀lú àlàyé tó gùn. Nígbà tí mo wá to àwọn 21 náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí mo ṣí wọn, lẹ́tà inú gbogbo wọn kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Kò sí àwọn tí lẹ́tà wọn tóbi nínú wọn, àwọn yẹn ni mo ti kà tán. Ẹni tó yẹ ojú mi wò nígbà tó yá ti ṣàlàyé fún mi pé awò kékeré tó wà nínú ẹyinjú máa ń le bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, pé nígbà tí èèyàn bá ń lé ogójì ọdún ni kò ní lè tẹ̀ dáadáa mọ́ láti rí ohun tó sún mọ́ ọn. Dígí tí mo fi sójú lẹ́ni ọdún 44 ló mú kí ìtàn gígùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí. Gbogbo àlàyé tí mo kọ síta nípa bí ìtàn àròsọ ṣe kú, mi ò tíì tọrọ àforíjì fún un.

Ohun tí mo fẹ́ gbàgbé láti kà ni ìwé inú ẹ̀rọ. Mo ní ẹ̀rọ ìkàwé kan tó ń lo íǹkì bánà-mọ́nà, èyí tí ojú rẹ̀ dà bíi bébà. Ìwé 63 ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ìlà iwájú, kò ní ìlà ẹ̀yìn, kò sí àlejò tó máa rí i. Ó tún máa ń kọ ibi tí mo dé sábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan láìṣojúsàájú: 8 nínú ọgọ́rùn-ún, 100, 3, 100, 100. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti àkójọ lẹ́tà ló gba ọgọ́rùn-ún. Bí mo bá ti kọ́kọ́ wo ibẹ̀ ni, mi ò bá má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ eruku.

Nígbà tí mo parí, ìwé orí pẹpẹ jẹ́ 412. Mo ti ka 227 tán. Mo bẹ̀rẹ̀ 71, mi ò parí wọn. Mi ò ṣí 114 rárá. Àwọn ará Jàpáàn ní ọ̀rọ̀ fún èyí tó gbẹ̀yìn yìí, tsundoku, ìwé tí èèyàn ń rà jọ tí kì í kà. Mo ṣírò rẹ̀. Marc Brysbaert, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2019, ó sì rí i pé àgbàlagbà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sínú máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan bí kì í bá ṣe ìtàn àròsọ, àti 260 bó bá jẹ́ ìtàn àròsọ. Ká ní 240, ká ní ìdajì wákàtí lójúmọ́: ọ̀rọ̀ 7,200 nìyẹn. Ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 80,000 á gba ọjọ́ 11 ó lé díẹ̀. Ìwé 33 lọ́dún, bí oorun kò bá gbé mi lọ lálẹ́ kankan. Àwọn 114 yẹn á gbà tó ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, bí mi ò bá ra ẹyọ kan sí i. Mo ra méjì lọ́sẹ̀ tí mo ṣe ìṣirò yìí.

Àwọn 71 ló wù mí láti tún gbìyànjú. Nancy Pearl, alábòójútó ilé-ìkàwé ará Amẹ́ríkà, ní ìlànà kan tó rọrùn: ka ojú ìwé 50, bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ọdún 50, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100, iye tó bá kù ni kó kà. Ìyẹn ni pé ẹni ọdún 70 á ka 30, ẹni tó bá pé 100 sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èèpo ẹ̀yìn ṣe ìdájọ́ ìwé. Èmi ṣì jẹ́ ẹni ọdún 46, ojú ìwé 50 ni tèmi. Mo ti dán 14 wò. Mo gbé mẹ́sàn-án sílẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Márùn-ún gbá mi mú. Ọ̀kan nínú wọn, mo ti jù ú sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 22 ní ojú ìwé 31, mo sì kọ “Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀!” sí etí rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ń tún ilé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ìyẹn náà ni. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi kà á tán, mi ò fẹ́ kí ilé náà parí.

Ní òdìkejì, mo tún ṣí ìtàn ìfẹ́ kan tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ni ọdún 17. Pẹ́ńsù mi kún etí rẹ̀. Níbi tí ìyá ọmọbìnrin náà ti ní kò ní bá ọmọkùnrin yẹn lọ, mo ti kọ “Ìkà ni ìyá yìí” síbẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ ìkà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo tún un kà, ọmọkùnrin náà ló bí mi nínú. Kò níṣẹ́, kì í dáhùn ìbéèrè, ó kàn ń wo ojú ọ̀run. Ìyá yẹn nìkan ló ń béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè nínú ìwé náà látòkèdélẹ̀. Mo fẹ́ fi rọ́bà pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Mo kọ ọjọ́ òní sábẹ́ rẹ̀, mo kọ “Ẹ má bínú, mà.” Mi ò lè kọjá orí kejì, àmọ́ mo ti fi í pa mọ́.

Bí mo ṣe máa to wọn padà ló kù. Mo gbìyànjú ètò tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ṣì ń lò, tó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 dé 900. Nínú rẹ̀, abẹ́ 800 ni gbogbo lítíréṣọ̀ wà. Ewì Gẹ̀ẹ́sì wà ní 821, ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní 823, eré oníṣe nìkan ló là wọ́n láàárín. Ìyẹn ni pé àwọn tí mo fi síwájú àti àwọn tí mo fi pa mọ́ sẹ́yìn, aládùúgbò ni wọ́n. Ètò náà pọ̀ jù fún ìwé 412, mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ aládùúgbò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ra pákó tóóró kan, mo fi gbé ìlà ẹ̀yìn sókè kí orí wọn lè yọ ju ti iwájú lọ. Àwọn tí mi ò ṣí rí ni mo kó sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, lọ́tọ̀, kí n lè máa rí wọn nígbàkigbà tí ọwọ́ bá ń yún mi láti ra òmíràn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bọ́ síwájú. Èyí tí àmì rẹ̀ wà ní 143 ló ṣáájú wọn.

Àbúrò mi padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ó wo pẹpẹ náà títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti yí gbogbo rẹ̀ padà.” Mo sọ òótọ́ fún un nípa ojú ìwé 19. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo nawọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan sí i, ó ní rárá, ewì yẹn náà lòun fẹ́.

Ó dá a padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Páálí tèmi ṣì há sí ojú ìwé 19. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tirẹ̀ wà ní 27.